Ìpara Tí Kò Ní Òórùn

Ní ọ̀nà tó wọ ọjà Òkè-Àje ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí èèyàn bá ti kọjá ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí kò sí àwòrán arẹwà kankan lára ògiri rẹ̀. Sàúdátù ló ni ín. Ìpara ló ń tà. Àwọn tó kù tí wọ́n jọ ń ṣòwò yìí lẹ àwòrán àwọn obìnrin pupa mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì ń ṣèlérí fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé láàárín ọjọ́ méje, ìyá tó bí i kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Sàúdátù kì í ṣèlérí nǹkan kan. Bí oníbàárà bá wọlé tó ní òun fẹ́ bóra, yóò wo onítọ̀hún láti òkè délẹ̀, yóò bi í pé kí ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe é, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì mọ ẹ̀rín ọjà rín, ìdí nìyẹn tí èrò kì í fi í pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ àwọn arúgbó tí ara wọn ti gbẹ, àwọn ìyálọ́mọ tí ara ọmọ wọn ń họ, àti àwọn tí gìgísẹ̀ wọn ti là, gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá débẹ̀ kò ju ẹ̀tù funfun kan lọ. Orúkọ tí àwọn tó ń ṣe é fún un gùn, háyálúróníìkì, kò sì yí geere lẹ́nu àwọn ará Òkè-Àje, nítorí náà ẹ̀tù omi ni wọ́n ń pè é. Díẹ̀ báyìí ni Sàúdátù máa ń bù, kò kún ṣíbí ìrotíì, á dà á sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, omi ọ̀hún á ti ki, á máa yọ̀ bí omi ilá. Iṣẹ́ ẹ̀tù náà ni kó fa omi mọ́ra, kó má jẹ́ kó lọ. Bí wọ́n bá fi pa ara tó gbẹ, ara náà á rọ̀, á máa dán láti àárọ̀ di alẹ́. Sàúdátù fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ kéèyàn fẹ́ràn ọjà títà lọ. Nígbà mìíràn tí kò bá sí oníbàárà, á fa àga sún mọ́ abọ́, á máa wò ó bó ṣe ń mu omi.

Ọ̀dọ̀ Helen ló ti kọ́ ọ. Èkó ni Helen wà, èròjà ìpara ló ń tà, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe ń pò ó. Kì í ṣe ọmọ Yorùbá, àmọ́ ó ti pẹ́ ní Èkó débi pé Yorùbá ló fi ń bú èèyàn. Ó bú Sàúdátù fún oṣù mẹ́fà gbáko. Nínú gbogbo ohun tó kọ́ wọn, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló wà tó máa ń na ìka sókè fún.

"Ẹ̀tù yìí kò lójú," ni Helen wí. "Omi tó bá sún mọ́ ọn ló máa fà. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, á fà á látinú afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ara èèyàn ló máa yíjú sí. Á fa omi inú ara jáde, afẹ́fẹ́ á sì gbà á lọ. Torí náà, kò gbọdọ̀ wà láìbò."

Òróró ni wọ́n fi ń bò ó. Bí wọ́n bá ti fi ẹ̀tù omi pa ara tán, wọn á fi nǹkan ọlọ́ràá lé e, bí ìgbà tí wọ́n bá dé ìkòkò ọbẹ̀. Òrí tí Sàúdátù yọ́ pọ̀ mọ́ àdí àgbọn ni tirẹ̀, kò sì sí ike ìpara kan tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá tí kò sọ fún ẹni tó rà á pé, "Ẹ bò ó o."

Ẹni tó ń lo ìpara náà jù lọ kò rà á rí. Ràmọ́tà ni, ẹ̀gbọ́n Sàúdátù tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ju àbúrò rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Sàúdátù wà nígbà tí ìyá wọn kú, Ràmọ́tà sì ti wà nílé ọkọ nígbà náà, ìgbéyàwó rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, ó gbé e wọ ilé ọkọ ní Ìmọ̀wò, ó sì sọ fún àwọn ará ilé ọkọ pé bí wọn kò bá fẹ́ ọmọ náà, kí wọ́n dá òun náà padà. Wọ́n fẹ́ ọmọ náà. Òwú àti bọ́tìnnì tí Ràmọ́tà ń tà fún àwọn télọ̀ ló fi rán an nílé ìwé, òun ló fà á fọ́kọ, òun náà ló ní kó lọ bá Helen nígbà tó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Nísinsìnyí, ọkọ Ràmọ́tà ti kú, ọmọkùnrin rẹ̀ Abdulazeez wà ní Èkó, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Fatihah nìkan ló ń bá a gbé. Àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ẹsẹ̀ ni àrùn náà mú jù. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbẹ, ó sì ti kú tìpín débi pé ó lè tẹ òkúta kó má mọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà là.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, Sàúdátù á ti ṣọ́ọ̀bù, á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìmọ̀wò. Á bu omi, á fọ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á fi ẹ̀tù omi pa á nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, á sì fi òrí bò ó. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Sàúdátù bá ti jókòó sórí ẹní, Ràmọ́tà á na ẹsẹ̀ lé e nítan, á máa fa tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń sọ fún ẹnì kejì pé gbé ẹsẹ̀ wá. Bí ẹ bá bi Sàúdátù léèrè ibi tí ayé ti dùn mọ́ ọn jù, kò ní sọ fún yín, torí kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ orí ẹní yẹn ni.

Lọ́dún tó kọjá, Abdulazeez ní kí ìyá òun múra Mẹ́kà. Ràmọ́tà sunkún. Ọkọ rẹ̀ kú kó tó débẹ̀, òun náà sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò kan òun mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń lọ ní mọ́ṣáláṣí, Aáfà Sùnmọ́nù ló ń kọ́ wọn, Ràmọ́tà kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó bá ti gbé hárámì, aṣọ iṣẹ́ Hájì, wọ̀ kò gbọdọ̀ lo lọ́fíńdà, kò gbọdọ̀ lo ọṣẹ olóòórùn, kò sì gbọdọ̀ fi òróró para.

Ọ̀rọ̀ náà dà á láàmú. Ó sọ fún Sàúdátù lọ́jọ́ náà, tòun ti ẹsẹ̀ lórí itan àbúrò rẹ̀, pé òun kò lè gbé ìpara tí wọ́n ń lò yìí lọ. Òrí ń rùn, àdí ń rùn, àwọn méjèèjì sì jẹ́ òróró. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun máa lọ láyé òun, kò sí ohun tí òun máa jẹ́ kó bà á jẹ́. Ó ní bí Sàúdátù bá lè ṣe ìpara tí kò ní òórùn, tí kò sì ní òróró, kó ṣe é. Bí kò bá lè ṣe é, òun á gbé ẹsẹ̀ òun lọ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ló yẹ kí ẹnu Sàúdátù ti mú. Ó yẹ kó sọ pé ẹ̀tù omi kì í wà láìbò. Ó yẹ kó ní kí àwọn lọ bá Aáfà Sùnmọ́nù, kí wọ́n ṣàlàyé pé àìsàn ló wà lẹ́sẹ̀ yìí. Ẹnu tó ń lé oníbàárà jáde kò rí nǹkan sọ lọ́jọ́ náà. Ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn ni pé ẹni tó gbé òun pọ̀n ń lọ sí Mẹ́kà, iṣẹ́ ọwọ́ òun ni yóò sì gbé e rìn níbẹ̀. Ó ní, "Màá ṣe é."

Kò kàn ṣe é lásán. Ó kọ́kọ́ dán an wò. Ó po ẹ̀tù omi lásán, kò fi òróró sí i, ó sọ ìwọ̀n ẹ̀tù di ìlọ́po méjì kó lè mú omi dání dáadáa, ó sì fi ń pa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù Èbìbí ni. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde. Aṣọ tí wọ́n sá ń lo ọjọ́ mẹ́ta lórí okùn kó tó gbẹ, iyọ̀ di omi nínú ike, ògiri ṣọ́ọ̀bù ń làágùn. Ẹsẹ̀ Sàúdátù rọ̀, ó ń dán, ó dà bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dán nínú irú omi bẹ́ẹ̀? Ó rántí Helen. Ó rántí ìka tó nà sókè. Ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn tí kò mọ ìwọ̀n ni Helen ń bá wí.

Ó di ìpara náà sínú ike mẹ́ta. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó kó wọn fún Ràmọ́tà, ó ní bó bá ti ṣe àlùwàlá tán, tí ẹsẹ̀ ṣì tutù, kó máa fi pa á, ìgbà márààrún lójúmọ́. Inú Ràmọ́tà dùn débi pé ó gbé ike kan sí imú Fatihah. Ó ní kó gbóòórùn rẹ̀ bóyá á gbọ́ nǹkan. Fatihah ní omi lásán ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè láti ọ̀hún, Mẹ̀dínà ló wà. Ó ní gbogbo nǹkan dára, oòrùn ibẹ̀ kàn mú ni. Ìgbà kejì, ó ti dé Mẹ́kà. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, ètè òun ti bó, ẹsẹ̀ ń fa òun, àfi bíi pé awọ rẹ̀ ti kéré jù fún un. Sàúdátù bi í bóyá ó ń lo ìpara náà. Ó ní òun ń lò ó.

"Ẹ fi kún un," ni Sàúdátù sọ. "Ẹ má jẹ́ kó gbẹ rárá."

Gbólóhùn yẹn, bó ṣe sọ ọ́ gan-an lórí ìjókòó rẹ̀ ní Òkè-Àje, tí òjò ń rọ̀ lórí páànù, ni kò kúrò létí rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ìgbà kẹta tó pè, wọ́n ti kúrò ní Míná. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. Ó ní òun ti sọ òkò lu Ṣàítánì, òun ti dúró ní Árafà, òun sì dárúkọ Sàúdátù nínú àdúrà níbẹ̀ kóun tó dárúkọ àwọn ọmọ tí òun bí.

Ó padà dé ní ìparí oṣù Òkúdu. Ilé kún. Gbogbo Ìmọ̀wò ló wá kí Àlájà tuntun, wọ́n ń mu omi sámúsámù, wọ́n ń jẹ dàbínù, Ràmọ́tà jókòó sáàárín wọn nínú aṣọ funfun, ó da aṣọ bo ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Sàúdátù wọlé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbọ́ òórùn kan. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹran kan ló kú sábẹ́ àga. Ó wojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbójú kúrò.

Ó dúró títí àlejò fi lọ, ó jókòó sórí ẹní gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ẹsẹ̀ kò wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí aṣọ náà. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ti là yánnayànna, àmọ́ ti òsì ni kò ṣeé wò. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti pín sí méjì, iyanrìn ti wọnú rẹ̀, etí ojú egbò náà sì ti dúdú.

"Kò dùn mí," ni Ràmọ́tà wí. Òótọ́ ló sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Àwọn dókítà ṣe é títí, nígbà tó yá, wọ́n pe Abdulazeez jókòó, wọ́n ní ẹsẹ̀ òsì ní láti kúrò láti ìsàlẹ̀ orúnkún, kí ìyókù ara má bàa lọ. Wọ́n gé e lọ́jọ́ Túsìdeè. Dókítà ṣàlàyé pé awọ ló gbẹ jù tó fi là, iyanrìn wọlé, àtọ̀gbẹ kò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára. Kò bèèrè ohun tó ń fi pa á. Kò sí ẹni tó bèèrè. Nínú ẹrù tí wọ́n tú, ike kẹta ṣì kù bí ìdajì. Sàúdátù mú un, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ó pe Helen. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti gbúròó ara wọn kẹ́yìn. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ìpara, Mẹ́kà, ẹsẹ̀, ọsibítù. Helen jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Kí lo fi bò ó?" ni Helen bi í.

Helen kò bú u, obìnrin tó ń bú gbogbo èèyàn. Ó kàn ní kó bá òun kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ìyẹn kò tó o. Ó gba mọ́ṣáláṣí lọ, ó lọ bá Aáfà Sùnmọ́nù. Ó bi í bóyá ẹni tó wà nínú hárámì lè fi òróró pa ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ náà bá là. Aáfà ní bí kò bá ti ní lọ́fíńdà nínú, ìyọ̀nda wà fún ẹsẹ̀ tó là, ẹ̀sìn kì í ni aláìsàn lára. Ó ní ká ní Àlájà ti bi òun ni, òun ì bá ti sọ fún un. Ó wo Sàúdátù, ó ní ṣé kò sí wàhálà? Sàúdátù ní kò sí, ó dúpẹ́, ó jáde.

Ohun tó wá burú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé Ràmọ́tà kò sunkún. Ó gbà fún Ọlọ́run. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i pé kádàrá òun ni, ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fẹ́ ló gbà, ó sì gbà á lọ́nà tó dára. Lẹ́yìn náà ni á wá fi kún un pé ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò òun. Ó ní ìpara tí àbúrò òun ṣe fún òun ni kò jẹ́ kí méjèèjì lọ, òun ló gbé òun yí Káàbà ká. Á ní kí wọ́n lọ bá a ní Òkè-Àje. Sàúdátù máa ń wà nínú yàrá kejì tó ń gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ débi pé bí Fatihah bá gbé oúnjẹ fún un, ńṣe ló máa ń mú un lọ́wọ́ títí á fi tutù. Ó fẹ́ sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà á. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kádàrá yìí ló ń gbé ẹ̀gbọ́n òun ró, bí òun bá yọ ọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, kí ló kù tó máa dúró lé? Àlàyé tó dára ni. Ó sì tún jẹ́ àlàyé tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ó ṣì ń lọ sí Ìmọ̀wò lẹ́yìn Aláásárì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló kù láti pa, Ràmọ́tà sì ń nà á lé e nítan bíi ti tẹ́lẹ̀. Òrí àti àdí nìkan ni Sàúdátù fi ń pa á báyìí. Ní ṣọ́ọ̀bù, kò po ẹ̀tù omi mọ́. Ẹni tó bá bèèrè rẹ̀, á ní kò sí.

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí di oṣù Ọ̀pẹ, nígbà tí ọyẹ́ dé. Mùjídàt, ọ̀rẹ́ Ràmọ́tà tí wọ́n jọ ń ta òwú láti ìgbà èwe, ti forúkọ sílẹ̀ fún Mẹ́kà ọdún tó ń bọ̀. Àtọ̀gbẹ wà lára òun náà. Ràmọ́tà ní kó lọ gba ìpara tí kò ní òórùn lọ́dọ̀ Sàúdátù, kó tètè gbà á. Mùjídàt dé Òkè-Àje, Sàúdátù ní ẹ̀tù ti wọ́n lọ́jà. Ó padà dé lọ́sẹ̀ kejì, Sàúdátù ní ẹni tó ń kó o wá ti rìnrìn àjò. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, tí wọ́n tún dá a padà, ó lọ fẹjọ́ sùn ní Ìmọ̀wò.

Lọ́jọ́ náà, Sàúdátù bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti fajú ro. Ó jókòó, ẹsẹ̀ wá sórí itan rẹ̀ bó ti máa ń wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Kí ni Mùjídàt ṣe ọ́?" ni Ràmọ́tà bi í.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé torí pé ìpara ti gbayì lo ṣe wá ń fi yanga sí èèyàn ni? Ẹni tó ń fún ọ ní ẹ̀bà jẹ nígbà tí mo bá lọ ra ọjà?"

Sàúdátù gbé aṣọ ìnusẹ̀ sílẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí, ẹyọ kan tó kù. Ó wo ibi tí aṣọ ti tẹ́ pẹrẹsẹ lápá òsì. Bó bá dákẹ́, Mùjídàt á wá ẹlòmíràn tó máa bá a po ẹ̀tù omi láìbò, torí Ràmọ́tà kò ní yéé ròyìn rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ìgbà náà ló wá hàn sí i pé bí òun kò bá sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mìíràn á tún lọ.

"Ìpara yẹn ló ṣe yín," ni ó wí. "Kì í ṣe òun ló gbé yín rìn. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, tí kò bá sí òróró lórí rẹ̀, omi ara èèyàn ló ń fà jáde. Òun ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín là. Ẹ sì tún sọ fún mi pé ó ń fà yín, mo ní kí ẹ fi kún un."

Tẹ̀súbáà Ràmọ́tà dúró lójú kan. Níta, àwọn ọmọdé kan ń gba bọ́ọ̀lù nínú eruku, ariwo wọn ń wọlé.

"Nọ́ọ̀sì kan wà ní Míná," ni Ràmọ́tà wí. "Ó rí ẹsẹ̀ mi. Ó ní kí n ju ohun tí mo ń fi pa á nù, ó fún mi ní fasilíìnì tí kò ní òórùn, ó ní àwọn ti bi àwọn aáfà, pé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Mo bú u, Sàúdá. Mo ní ọmọ yèyé mi ló ṣe é fún mi, kò lè fún mi ní ohun tí yóò pa mí lára. Mo dá fasilíìnì ẹ̀ padà fún un."

Sàúdátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní òun kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀, òun dán an wò lẹ́sẹ̀ ara òun, ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fi dán an wò.

"Mo gbọ́," ni Ràmọ́tà wí. "Èyí tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí ò ń kó o fún mi, ṣé o mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ bò ó?"

Ó lè purọ́. Kò sẹ́ni tó máa já a.

"Mo mọ̀," ni Sàúdátù wí.

Ràmọ́tà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí itan àbúrò rẹ̀. Ó rọra fà á ni, tòun ti omi lára rẹ̀, ó sì fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé kí Sàúdátù lọ sọ ọ́ fún Mùjídàt fúnra rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ fún òun yìí, kó má yọ nǹkan kan kúrò. Ohùn rẹ̀ kò le, kò pariwo.

Sàúdátù lọ. Ó sọ ọ́ fún Mùjídàt bó ṣe rí, kò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á mọ́ra. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Òkè-Àje ti gbọ́. Àwọn arúgbó tó mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó lẹ àwòrán mọ́ ògiri. Kò bínú sí wọn. Kò tiẹ̀ tún bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì tó sọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lẹ́yìn Aláásárì, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìmọ̀wò. Ọyẹ́ ti mú kí òrí le gbagidi nínú abọ́, ó sì gbé e lé itan lójú ọ̀nà kó lè rọ̀. Fatihah ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà ń wolẹ̀, ó ní màmá ní kí wọ́n má ṣe wàhálà, àwọn ti fi nǹkan pa ẹsẹ̀ àwọn.

Sàúdátù wọlé, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì dáhùn. Ràmọ́tà bi í léèrè àwọn ọmọ, ó bi í léèrè ọjà, bí wọ́n ti ń bi àlejò. Sàúdátù jókòó sórí ẹní, abọ́ òrí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dúró títí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gàríbà. Nígbà tí Ràmọ́tà yí ara padà láti mú ọ̀pá rẹ̀, aṣọ ká sókè díẹ̀, Sàúdátù sì rí gìgísẹ̀ náà. Ó funfun fún ọyẹ́, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan pa á.